Ewé Tí Mo Wẹ̀ Bí Ọmọ Tuntun

                                        Agboolé Akíntọ́lá,
                                        Etí Ọ̀sà,
                                        Ọ̀jọ́, ní ọ̀nà Àgbádárìgì.
                                        Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1957.

Àwẹ̀ró, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹni tó sún mọ́ mi ju iyèkan lọ,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti ń gbé e dé mọ́sáláṣí? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń yọ eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Ṣé omi ọ̀sà ti fà níbi tiyín, ṣé àwọn apẹja ń rí nǹkan mú bọ̀? Níbi tiwa, ara le, a dúpẹ́. Ṣàkírù ọmọ ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn, ọrùn rẹ̀ sì ti ń le. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ètè ti ń gbẹ. Gbogbo ilé ló ń kí ọ.

Mo mọ̀ pé inú rẹ yóò dùn bí o ti rí lẹ́tà mi kejì láìpẹ́ báyìí. Má tíì jẹ́ kó dùn. Bí ènìyàn bá wà lọ́dọ̀ rẹ, ní kó dúró díẹ̀ ná. Kọ́kọ́ fi ojú kà á fún ara rẹ.

Àwẹ̀ró, ojú ń tì mí. Ohun tí mo kọ sí ọ nípa Ọmọ́yẹlé, ìyàwó Àdìsá ọmọ mi, nínú lẹ́tà oṣù tó kọjá, irọ́ ni. Kì í ṣe pé mo ṣì í gbọ́, kì í ṣe pé ẹnìkan ló tàn mí. Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ìwọ ni alárinà tó mú ọmọ náà wá fún wa láti agboolé ọkọ rẹ ní Àgbádárìgì, nítorí náà ìwọ ló yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún.

O kò rí ewé tí mo ní ó bà jẹ́ yìí rí, jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀. O mọ̀ pé inú ọkọ̀ òkun ni Àdìsá ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ̀ wọn dúró gba omi ní erékùṣù kan, ìyá arúgbó kan níbẹ̀ sì já ewé kan ṣoṣo fún un. Kò ní gbòǹgbò, kò ní igi. Ó gbé e wálé nínú páálí ìṣáná. Ó bu iyanrìn etí ọ̀sà, ó fi omi òjò fọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó fọ́ èédú wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, ó lu ihò sí ìdí abọ́ tánganran kan, ó sì tẹ́ ewé náà sórí iyanrìn láì bò ó mọ́lẹ̀. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ewúrẹ́, òun ń sin ewé. Oṣù mẹ́ta kó tó yọ gbòǹgbò bí irun orí ọmọ. Odindi ọdún kan kó tó tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Lónìí tó ti di ọdún kẹrin, kò ju ẹnu ife ìmumi lọ. Ewé rẹ̀ nípọn bí ti ọ̀dúndún, ṣùgbọ́n wọ́n tò yípo mọ́ ara wọn bí òdòdó tó fẹ́ là, gbogbo wọn sì ní lẹ́búlẹ́bú funfun kan lára, bí ẹni tó yí nínú ẹfun. Kò ṣe é sè, kò ṣe é gbo mu. Wíwò ni.

Bí Àdìsá bá ń lọ sójú òkun, ọwọ́ Ọmọ́yẹlé ló ń fi í sí. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kí ó máa bu omi díẹ̀ sí i ní ìdí, kì í ṣe lórí, ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá. Kí ó wà lójú fèrèsé tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan ń kàn. Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kan ewé rẹ̀. Ọmọ náà pa òfin mọ́, Àwẹ̀ró. Ó ń fi èédú fa ìlà sára ògiri ní gbogbo ìgbà tó bá bu omi fún un, kó má baà ṣì í kà. Mo fi ojú ara mi rí àwọn ìlà náà kí n tó kọ lẹ́tà tí mo kọ.

Nígbà tó bí Ṣàkírù, mo lọ sí ilé wọn ní Iba láti máa wẹ ọmọ. O mọ̀ mí ní ti ọmọ wíwẹ̀. Láti Ọ̀jọ́ títí dé Okokomaiko, agboolé tí kò tíì ránṣẹ́ pè mí kò pọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọwọ́ mi yìí ti tún orí tó lé ní ogójì ṣe, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ogójì ọjọ́ ọmọ, a ń retí àwọn obìnrin ẹbí ọkọ mi láti Ọ̀tọ̀. Mo wẹ ọmọ tán, ó sùn. Omi lílọ́wọ́ọ́ ṣẹ́kù nínú ọpọ́n, kànrìnkàn wà lọ́wọ́ mi, ọṣẹ dúdú wà níbẹ̀, àdí àgbọn wà níbẹ̀. Mo ń wo yàrá yíká bóyá ohun kan wà tó lè kó ẹ̀tẹ́ bá wa lójú àlejò, ojú mi sì bọ́ sára ewé Àdìsá. Ó funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń ṣeré nínú eérú. Mo ní àwọn ará Ọ̀tọ̀ yóò sọ pé ekuru gba ilé èmi Sàdíátù. Mo gbé e sórí itan. Mo fi kànrìnkàn ọmọ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ ní ewé kọ̀ọ̀kan, mo fi omi ṣàn án, mo sì fi àdí pa á lára tinú tẹ̀yìn. Ó dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo wá gbé e síta sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, kí ó yáàrùn díẹ̀ bí a ti ń ṣe fún ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀. Àwọn àlejò dé, wọ́n yìn ín. Wọ́n ní irú ewé dídán wo nìyí. Mo gba ìyìn náà, mo sì gbàgbé rẹ̀ sójú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, a ní ó ń pọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, àpá ti yọ lára rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ibi tí irin gbígbóná jó. Àwọn ewé etí ti rọ̀ jọ̀bọ̀. Ọkàn mi sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ọmọ́yẹlé dúró níwájú fèrèsé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Fúnkẹ́, aládùúgbò wọn, wọlé wá, ó sì bèèrè ohun tó ṣe ewé. Kí ẹnikẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ mi, ẹnu mi ti yá. Mo ní àwọn ìyàwó ìwòyí nìyẹn, wọn a gbé nǹkan sóòrùn, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ́yẹlé wò mí, ó wo ewé, ó gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá lọ. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tán nìyẹn.

Ì bá tán lóòótọ́, bí kì í bá ṣe ìwé. Nígbà tí mo padà sí Ọ̀jọ́, Tíṣà Bọ́lájí tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa kọ lẹ́tà sí ẹni tirẹ̀, kí ìròyìn sì wà nínú rẹ̀. Mo jókòó, mo ń wá ìròyìn. Kò sí èyí tó dùn lẹ́nu tó ti ewé. Bí mo ṣe kọ ọ́ sí ọ nìyẹn pé ìyàwó tí o fẹ́ fún wa gbé ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sí i lọ́wọ́ jáde, ó sì sá a sóòrùn bí ẹni sá ẹja. Tíṣà ka lẹ́tà mi sókè fún gbogbo kíláàsì. Nígbà tó dé ibi ẹja, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtàndá gbẹ́nàgbẹ́nà, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, ní mo ti kọjá ẹgbẹ́ àwọn. Orí mi wú, Àwẹ̀ró. Ìwé tí mo fi ọdún méjì kọ́, tí mo fi ojú arúgbó wá, àkọ́so rẹ̀ ni mo fi ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Èmi náà ló kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí o kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti mọ̀wé. O ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe. N kò bá ọ wí. Ibẹ̀ ni Kàsúmù bàbá Ọmọ́yẹlé ti gbọ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ọ̀jọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó ní àwọn kọ́ ọmọ àwọn, bóyá kò gbọ́ ẹ̀kọ́ tán ni. Ó kó obì àti ẹja yíyan wá. Mo gbà á. A jọ lọ sí Iba. Ó pe ọmọ rẹ̀ síta lójú Fúnkẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, ó ní kó kúnlẹ̀ fún mi, ó sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kàsúmù bi í léèrè pé, "Ṣé ẹja lo rí ni, tí o fi sá a?" Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Ọmọ́yẹlé ní kí n dárí ji òun. Mo fi ọwọ́ kàn án léjìká bí àgbà rere, mo ní ó tó, mo ti gbàgbé. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà tí kò nítìjú, ojú kan ni ì bá ní, ojú kan náà a sì wà lọ́gangan iwájú orí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo ní méjì, kò sì sí èyí tó wúlò nínú wọn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Àdìsá ti ojú òkun dé. Mo wà níbẹ̀, Ṣàkírù wà lórí itan mi. Àdìsá gbé ewé náà, ó fi ìka kàn án, ó gbé e sí imú. Ó bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ta ló fi àdí pa á?"

Ọmọ́yẹlé ní, "Èmi ni."

Ọmọ ń fà mí létí aṣọ, mo ń bá a ṣeré bí ẹni tí kò gbọ́. Àdìsá kò pariwo. O mọ̀ pé kì í ṣe onípariwo. Ó ní ẹni tí kò lè mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ewé, báwo ni òun yóò ṣe fi àpótí sí i lọ́wọ́. Ìwé ilẹ̀ àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú àpótí náà, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ sì ti ń wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Ó ní kí ó mú un wá. Ó gbà á, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́. Mo so ó mọ́ etí aṣọ mi, mo sì gbé e wá sí Ọ̀jọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn kiri. Bí mo bá forí kanlẹ̀ láti kírun, ó á ró gbàn-ín sílẹ̀. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, ìka ẹlòmíràn ni mo gbé fún wọn gé, ìka náà sì dákẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú aṣọ òfì kan tí n kò tíì ró rí, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Iba. Ọmọ́yẹlé nìkan ni mo bá lẹ́yìn ilé, ó ń fọ aṣọ ọmọ. Mo ní, "Ọmọ́yẹlé, èmi ni mo wẹ ewé yẹn." Ó ń fọṣọ lọ. Ó ní, "Mo mọ̀, Ìyá. Mo ń sá aṣọ ọmọ sórí okùn lọ́jọ́ náà, mo rí yín láti ojú fèrèsé. Ẹ tilẹ̀ ń kọrin fún un."

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó fún aṣọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò mí.

"Mo fẹ́ sọ ọ́, Ìyá. Ìgbà tí bàbá mi dé, tí wọ́n ní ó wà nínú ìwé, mo mọ̀ pé tèmi ti tán. Ta ni yóò gbọ́ tẹnu mi, kó fi tìwé sílẹ̀? Nígbà tí ọmọ yín wá bèèrè, mo ní kí n kúkú jẹ́ ohun tí ìwé ti pè mí."

Mo tú aṣọ òfì náà, mo ní kó gbà á, kó fi ṣe gbà-má-bínú. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ gbé aṣọ yín dání, Ìyá. Aṣọ kò lè lọ bá mi sọ̀rọ̀ ní Àgbádárìgì. Ìwé ni kí ẹ kọ."

Mo ní n ó kọ ọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ rẹ̀. Mo jókòó dè é títí tó fi dé, mo sì sọ ọ́ fún un lójú ìyàwó rẹ̀: ọṣẹ, kànrìnkàn, àdí, orin. Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá, ẹ wẹ̀ ẹ́?" Ẹ̀rín pa á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ṣé mo tún orí rẹ̀ ṣe pẹ̀lú. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ló ti rántí ẹni tó sọ pé "èmi ni". Ẹ̀rín náà gé. Kò bá mi wí, Àwẹ̀ró, ì bá sàn kó bá mi wí. Ó yí sí ìyàwó rẹ̀, ó ní kó forí ji òun. Ọmọ́yẹlé ní òun gbọ́, ó sì lọ fún ọmọ lọ́mú. Mo tú kọ́kọ́rọ́ náà ní etí aṣọ mi, mo sì gbé e fún un nínú yàrá. Ìyẹn ló gbà.

Àdìsá wá ṣe àlàyé fún mi. Ó ní lẹ́búlẹ́bú funfun tí mo pè ní ekuru, agboòrùn ewé náà ni, òun ni kì í jẹ́ kí oòrùn jó o. Ewé tí a bá ti nù ún kúrò lára rẹ̀, kì í ní òmíràn mọ́ títí yóò fi gbẹ dànù. Ewé tuntun nìkan ló ń mú tirẹ̀ jáde láti àárín, kì í sì í yára. Kò kú o. Ewé kékeré méjì wà láàárín tí ọwọ́ mi kò dé, wọ́n ṣì funfun. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó yí wọn ká, ó ní yóò tó ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó gbẹ dànù tán. Ọdún mẹ́ta ni n ó fi máa dé ilé ọmọ mi, tí n ó máa rí ojú ọwọ́ mi ní ojú fèrèsé. Ó tọ́ sí mi.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ ọ́ sí nìyí. Pe gbogbo àwọn tó gbọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ jọ sí ojúde yín, kí Kàsúmù jókòó níwájú, kí o sì ka èyí fún wọn láti òkè dé ilẹ̀. Má fo ibì kankan. Má sọ pé ogbó ló ń ṣe mí, má sọ pé èṣù ló tì mí. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi, wàá fẹ́ bò mí láṣìírí. Bí o bá bò mí, ọmọ náà ló wà níta. Mo ti bẹ Tíṣà Bọ́lájí pé kí n ka lẹ́tà kejì sókè ní kíláàsì wa lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó bèèrè bóyá àṣìṣe wà nínú rẹ̀ tí òun fẹ́ tún ṣe. Mo ní àkọ́kọ́ ló ní àṣìṣe. N kò jẹ́ kó tún èyí ṣe, bí mo ṣe kọ ọ́ ni kí o kà á.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ìyá àgbà ilé yín fún mi, kí o sì fi ẹnu ko ọmọ eléyín titun lẹ́nu. Má bá mi kí Kàsúmù. Ní ọjọ́ kẹjọ òní, n ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá kí i fúnra mi, bó sì tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ, n ó kúnlẹ̀ níbi tó bá ti bá mi. Bí o bá ń kà á fún wọn tí o dé ibi orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí, má ṣe rẹ ohùn sílẹ̀.

Èmi ni, tìrẹ bí o bá ṣì fẹ́ mi,

Sàdíátù, ìyá Àdìsá,
ẹni tó wẹ ewé náà.